Ẹni Tí Mo Lè Kúnlẹ̀ Fún

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo rò pé èmi àti agogo ti dágbére fún ara wa. Mo jókòó sí ilé mi ní Òkè-Àdó, mo ń ka ìwé ìròyìn, mo ń bomi rin òdòdó, mo sì ń bá àwọn aládùúgbò tó ń da ìdọ̀tí sójú àgbàrá jà. Kò pẹ́ rárá tí ìjókòó náà fi sú mi. Ní àkókò yẹn ni mo lọ ra síìpù kan ní Ọjà'ba, tí obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà wò mí títí, tó sì kúnlẹ̀ sáàárín àwọn páálí òwú rẹ̀.

"Ẹ̀yin Tíṣà! Ṣé ẹ rántí mi, mà?"

Mo rántí rẹ̀. Mo ti kọ́ ọ nígbà tó wà ní kékeré, ní ilé ìwé kan ní Kúdẹtì. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kì í yẹ̀. Ọmọ náà ti di Alhaja, ó ti ní àwọn ọmọ tó ti gbéyàwó, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì kún fún òwú, bọ́tìnì, síìpù, abẹ́rẹ́ àti gbogbo ohun tí télọ̀ kò lè ṣe aláìní. Ó ní òun ń wá ẹni tí yóò máa bá òun jókòó tajà.

"Àwọn ọmọbìnrin tí mo ń gbà, ojú fóònù ni wọ́n ń gbé. Oníbàárà á dúró títí, á bá ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ni mo fẹ́."

"Èmi? Kí n máa ta òwú?"

"Òwú kì í pariwo, mà. Ọmọ ilé ìwé ló ń pariwo."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbà. Díẹ̀ lára àwọn tí a jọ fẹ̀yìn tì wá wò mí níbẹ̀ bí ẹni wá wo aláìsàn. Wọ́n ń wo páálí, wọ́n ń wò mí, wọ́n ń mí kanlẹ̀. Mo dá wọn lóhùn pé iṣẹ́ tí a fi ọwọ́ mímọ́ ṣe kò ní ìtìjú nínú, mo sì ta bọ́tìnì fún wọn kí wọ́n tó lọ.

Iṣẹ́ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí télọ̀ bá ń wá òwú, àgékù aṣọ ni yóò mú wá. Ẹni tí kò mọ̀ yóò gbé àgékù náà sábẹ́ iná mànàmáná, yóò gbé òwú sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò ní wọ́n bára mu. Wọn kò bára mu. A gbọ́dọ̀ jáde síta, sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ oòrùn, kí a fa ẹyọ òwú kan ṣoṣo jáde, kí a sì tẹ́ ẹ sórí aṣọ náà, nítorí òwú tó ṣì wé mọ́ ara rẹ̀ máa ń dúdú ju bí yóò ti rí lára aṣọ lọ. Alhaja ló kọ́ mi ní èyí. Ó fi ọ̀wọ̀ kọ́ mi, èmi náà sì kọ́ ọ bí akẹ́kọ̀ọ́ gidi.

A ní ètò kan láàárín ara wa tí ẹnikẹ́ni kò là sílẹ̀. Níwájú oníbàárà, mo ń pè é ní Alhaja, "ẹ" ni mo sì ń lò fún un, nítorí òun ni ọ̀gá. Bí ó bá ku àwa méjèèjì, "ìwọ" ni. Òun ní tirẹ̀ kò yí padà: Tíṣà ni mo jẹ́ lójú ẹni gbogbo. Àwọn télọ̀ Bẹ́yẹrúnkà náà gba orúkọ yẹn. Mo kọ́ wọn pé ẹni tí kò bá kí ènìyàn kì í rí òwú gbà.

"Tíṣà, ẹ fún mi lówùú funfun."

"Ẹ káàárọ̀ dà?"

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú oòrùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lówùú funfun kí ẹni tó ni aṣọ tó gé mi lórí."

"Ẹ ò rí i pé kò pa yín lára."

Ojú mi ni ó kọ́kọ́ dágbére fún mi. Òwú dúdú àti òwú aró ni a máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ kan náà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ìyàtọ̀ wọn kò sì le fún ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kan, bàbá kan tó máa ń rán fìlà ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú padà wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá, fìlà etù ni mo sọ. Dúdú lẹ dì fún mi."

"Aró ni mo dì fún yín."

Kò bá mi jiyàn. Ó mú méjèèjì jáde síta, ó tẹ́ wọn sí àtẹ́lẹwọ́ mi nínú oòrùn. Mo wò wọ́n. Mo tún wò wọ́n. Ọ̀kan náà ni wọ́n lójú mi. Ó ní, "Ẹ má da ara yín láàmú, ẹ ṣáà pààrọ̀ ẹ̀ fún mi," ó sì na ọwọ́ sí èyí tó fẹ́ fúnra rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti dá ọgbọ́n kan. Bí wọ́n bá béèrè aró, màá kó méjèèjì sílẹ̀, màá ní, "Ẹ mú èyí tó bá wù yín." Wọn a sì mú u. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá mi lára mu. Èmi tí n kì í jẹ́ kí ọmọ wo ìwé ẹni kejì rẹ̀, mo ń wo ojú àwọn oníbàárà kí n tó mọ ohun tí mo ń tà. Dókítà tó wo ojú mi kò fepo bọyọ̀. Ó ní kò ní padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Oògùn tí màá máa kán sí i kò ju kí ó dá a dúró lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì pinnu pé n óò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. N kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ìdí rẹ̀. Kí wọ́n máa nawọ́ sí mi ní Ọjà'ba pé Tíṣà ti ń fọ́jú, n kò lè gbà á.

Lílọ kò ṣòro. Bí a ṣe ń lọ ni ó ṣòro. Ẹni tó bá ń bá ènìyàn tajà ní àdúgbò yẹn kì í ṣàdédé lọ. Yóò mú àgbà kan dání, yóò kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀, yóò dúpẹ́ oore; ọ̀gá yóò yọ̀ǹda rẹ̀, yóò sì súre fún un. Ẹni tó bá lọ láìṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ará ọjà á ní wọ́n lé e ni, tàbí pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa àwọn ẹlòmíràn láti orí àga mi, mo sì mọ̀ pé kì í tètè parẹ́. Orúkọ mi ni ohun kan ṣoṣo tí mo kó jáde nínú iṣẹ́ ìjọba láìní àbùkù. N kò fẹ́ fi í sílẹ̀ sínú páálí òwú.

Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo ti bá nu imú rí? Ó ju èmi lọ nínú ọjà, èmi sì jù ú lọ nínú ayé. Àgbà wo sì ni mo fẹ́ mú dání? Àwọn tó lè bá mi bẹ ènìyàn ti kú tán. Mo rò ó títí, mo wá rántí pé àwọn tó kọ́ wa kọ́ wa ní ohun kan fún irú ọjọ́ báyìí. Ẹni tó kọ̀wé kò ní láti dúró, kò ní láti kúnlẹ̀.

Nítorí náà, mo kọ̀wé. Mo kọ àdírẹ́sì sí igun ọ̀tún, mo fa ilà sí abẹ́ àkọlé, mo fún un ní ìfitónilétí oṣù kan gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, mo ní "nítorí àwọn ìdí tí ó jẹ́ ti ara mi", mo sì fọwọ́ sí i. Lójú mi, ìwé náà kò ní àléébù. Mo fi í sínú àpò ìwé, mo lẹ̀ ẹ́, mo gbé e lé orí báàgì Alhaja ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ó kà á níbi tó dúró sí. Ó kà á tán, ó tún yí i padà bí ẹni ń wá ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀yin Tíṣà, kí ni mo ṣe yín?"

"O kò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Ẹ wá kọ̀wé sí mi? Èmi tí mo jókòó tì yín báyìí?"

"Bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ni."

"A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, mà," ó wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ó ká ìwé náà padà bí ó ṣe wà, ó tì í sábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi lórí tábìlì, ó sì lọ ka bọ́tìnì tí ẹnikẹ́ni kò béèrè.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti wọ́n láàárín wa. Ó ṣì ń kí mi, ó ń kúnlẹ̀ pàápàá, ṣùgbọ́n ìkíni náà dàbí ti ẹni tó pàdé àlejò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kí n gbé páálí kan wá, yóò sọ fún télọ̀ tó dúró níwájú mi. Bí ó bá kù díẹ̀ kí a ti ṣọ́ọ̀bù, yóò ti jáde lọ. Ojú àwọn ará ọjà kò fọ́ bí tèmi. Ìyá tó ń ta àwo tánganran lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Obìnrin yìí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kó gbé e mì.

"Tíṣà, wọ́n ní ìwé ti wọlé. Ṣé wọ́n fún yín ni, àbí ẹ̀yin lẹ fún wọn?"

"Ẹ ta àwo yín."

"Mò ń tà á. Ìdí àwo náà ni mo ti ń gbọ́ ọ."

N kò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo ti rí bí ìtàn náà yóò ṣe rìn: láti ọ̀dọ̀ aláwo sí ọ̀dọ̀ àwọn alábẹ́rẹ́, láti ibẹ̀ gun òkè Mápó, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí n kò lè tẹ̀ lé e dé.

Ọkùnrin kan wà tó máa ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe lábẹ́ òrùlé iwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Àwa méjèèjì a máa bá ara wa jẹ ẹ̀pà nígbà tí ọjà bá dá. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì kún fún òróró.

"Màmá Tíṣà, ẹ má bínú o. Ìwé yẹn lẹ fi ṣẹ̀ Alhaja."

"Kí ló burú nínú ìwé? Ọ̀wọ̀ ni mo fi kọ ọ́."

"Ọ̀wọ̀ náà ló burú jù. Nígbà tí bàbá wọn kú, tí àwọn ọmọ bàbá ń du ilé, ọmọ ìyá kan kì í bá èkejì pariwo. Ìwé ni wọ́n ń kọ, lóòyà ló ń bá wọn kọ ọ́. 'Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n' ló máa ń wà lókè ẹ̀. Ilé yẹn pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Títí di òní, bí wọ́n bá rí àpò ìwé nínú agbo ilé yẹn, ara wọn á bù máṣọ. Ìjà ni ìwé ní ilé tiwọn, màmá. Ẹni tí kò bá jà, ẹnu ló fi ń sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ẹ lọ bá wọn nílé. Màá tẹ̀ lé yín."

"Ìwọ ni o fẹ́ bá mi bẹ̀bẹ̀? Mo bí irú rẹ."

"Ẹ bí irú mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi lẹ rí."

A lọ ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Agbo ilé wọn wà ní Bẹ́yẹrúnkà, nísàlẹ̀ ojú ọ̀nà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin náà fi ní láti ṣáájú mi kí ó máa sọ ibi tí gọ́tà wà fún mi. Ó ṣe é bí ẹni pé ó ń sọ̀rọ̀ lásán ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mi. Alhaja kò tíì wọlé. Ìyá rẹ̀ ni a bá. Ó jókòó lórí awọ àgbò lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ti gbó tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù tí kò hunjọ.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, mà. Èmi tí mo kọ́ Alhaja níwèé. A jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù."

"Tíṣà? Ṣé ìwọ lò ń na ọmọ mi pé kò sọ̀rọ̀?"

"Èmi náà ni, mà."

"O nà án jù. Kò dákẹ́ mọ́ látìgbà náà."

Ọkùnrin oní-máṣíìnì yíjú sápá kan kí ó lè rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. "Ìwọ" tí ìyá náà pè mí ló ń dún létí mi. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí bẹ́ẹ̀. Ní ilé, ní ilé ìjọsìn, ní ọjà, "ẹ" ni gbogbo ayé ń pè mí, mo sì ti gbàgbé pé ó ku ẹnì kan láyé tó lè wí fún mi pé kí n jókòó, kí n sì jókòó.

Ibẹ̀ ni ó yé mi. Mo ti ń wá ẹni tí yóò bá mi bẹ̀bẹ̀, n kò wá ẹni tí mo lè kúnlẹ̀ fún. Mo fi ọwọ́ di férémù ilẹ̀kùn mú, mo sì kúnlẹ̀. Eékún mi dún, gbogbo wa sì gbọ́ ọ.

"Mà, mo wá gba ààyè lọ́wọ́ yín. Mo ti bá ọmọ yín ṣiṣẹ́, mo ti bá a jẹ, mo ti bá a mu, kò fi ìyà jẹ mí lọ́jọ́ kan. Mo fẹ́ lọ jókòó sílé. Ojú mi kò gbé e mọ́. N kò mọ dúdú yàtọ̀ sí aró mọ́."

N kò gbèrò láti sọ gbólóhùn méjì tó gbẹ̀yìn yẹn. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í wà lórí eékún kó máa sọ "àwọn ìdí tí ó jẹ́ ti ara mi".

"Ojú?" ni ìyá náà wí. "Kí ni tèmi wá fẹ́ wí? Bí òjìji lo rí lójú mi níbi tí o kúnlẹ̀ sí yìí. Ohùn rẹ ni mo fi mọ̀ pé tíṣà ni ọ́. Ojú kì í ṣe ẹ̀sín, ọmọ mi. A lò ó gbó ni."

Àkókò náà ni Alhaja wọlé. Ó rí mi, ó ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ìborùn àti gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀yin Tíṣà! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́! Ṣé ẹ fẹ́ ké ẹ̀mí mi kúrú ni?"

"Dákẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣé ìwọ ló kúnlẹ̀ fún? Èmi ló kúnlẹ̀ fún. Wọ́n ń gba ààyè lọ́wọ́ àgbà, o wá ń já lu ọ̀rọ̀."

Alhaja sọ̀rọ̀ sí mi lábẹ́lẹ̀.

"Ojú ni, ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Mo kọ̀wé sí ọ."

"Ẹ kọ ọ́ lóòótọ́. Ẹ ò sọ ọ́ níbẹ̀."

Ìyá náà na ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi kan orí mi, ó yọ̀ǹda mi, ó sì súre fún mi: pé àlùbáríkà kò ní kúrò lọ́wọ́ mi, pé n kò ní wá ẹni tí yóò fà mí lọ́wọ́ tì, pé ẹsẹ̀ tí mo fi kúrò nínú ọjà, inú ire ni yóò máa rìn. Ọkùnrin oní-máṣíìnì ń ṣe àmín tó ń mì gbogbo agbo ilé. Lẹ́yìn náà ni ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa lọ, kí o sìn wọ́n. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n dá jáde."

Mo lo oṣù náà pé, nítorí mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé n óò lò ó. Alhaja ni ó ń yan aró, èmi ni mo ń yan funfun, pupa àti ìyeyè, àwọn télọ̀ sì ń kí wa kí wọ́n tó béèrè ohunkóhun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, mo kó awò ojú mi, ife omi mi àti ìrọ̀rí tí mo máa ń gbé sórí àga. Alhaja gba báàgì náà lọ́wọ́ mi, ó sì gbé e kọ́ èjìká ara rẹ̀.

Ẹni tí a bá ń sìn ló ń pinnu ibi tí ìsìn dé. Bí kò bá ní, "Ó tó, ẹ padà," ẹni tó ń sìn ín kò gbọdọ̀ padà. Ènìyàn tó mọ ẹ̀tọ́ a máa sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ ẹ̀tọ́. N kò sọ ọ́.

Iwájú Ọjà'ba gan-an ni mo máa ń ti wọkọ̀ lọ sílé lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ náà, mo ní Bẹẹrẹ tó wà lẹ́yìn òkè Mápó ni mo fẹ́ ti wọ̀ ọ́. Alhaja kò béèrè ìdí. A gba iwájú aláwo kọjá.

"Ẹ̀yin Tíṣà, ṣé ẹ ti ń lọ nìyẹn?"

"Mò ń sin ìyá mi lọ sílé ni," ni Alhaja dá a lóhùn, ó sì gbé báàgì náà sókè díẹ̀ sí i kí ó lè hàn. "Ẹ ò ní bá wa sìn wọ́n ni? Ẹ fi àwo yẹn sílẹ̀."

Aláwo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí a fi ayọ̀ padà ríra. Ó sọ ọ́ dáadáa, mo sì dá a lóhùn dáadáa. A ń gun òkè lọ lẹ́sẹ̀ẹsẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ Mápó. N kò lè rí ojú àwọn tó jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù wọn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe ń dáwọ́ dúró bí a bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, tí ó sì tún ń bẹ̀rẹ̀ bí a bá ti kọjá. Alhaja ń fi ìgbọ̀nwọ́ sọ ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ fún mi. Ó ń mí hẹlẹ. Ó sanra, kì í sì í rìn púpọ̀.

Nígbà tí a dé Bẹẹrẹ, tí àwọn awakọ̀ ń pe Mọ́lété, ọ̀nà ilé mi, mo gba báàgì mi.

"Ó tó," ni mo wí fún un. "Padà."

Ó kúnlẹ̀ létí títì níbẹ̀, láàárín àwọn takisí, ó sì padà.